Họ́ọ̀sì Wo Ni Ẹ Máa Fún Ẹni Tí Afẹ́fẹ́ Tán Mọ́ Lọ́wọ́?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ ra rẹ́gúlétọ̀ ìmòòkùn ló máa ń fara balẹ̀ yẹ irú rẹ̀ wò: èwo ló fúyẹ́, èwo ló lágbára, èwo ni omi tútù kò ní dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá wá di ti họ́ọ̀sì, èyí tí ilé ìtajà bá so mọ́ ọn ni wọ́n máa ń gbé lọ sódò. Wọn kì í béèrè ìdí tí ọ̀kan fi gùn tí òmíràn fi kúrú, tàbí ìdí tí èyí fi gba orí èjìká ọ̀tún nígbà tí ìyẹn gba apá òsì. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìrònú ti bẹ̀rẹ̀. Rẹ́gúlétọ̀ òde òní tí wọ́n bá ṣe dáadáa, tí olówó rẹ̀ sì ń tọ́jú, kì í nira láti fi mí. Ìbéèrè tó le ni ti ọjọ́ tí ẹnìkejì yín bá sáré lúwẹ̀ẹ́ wá bá yín nísàlẹ̀ omi, tó la ojú sílẹ̀ kalẹ̀, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gé ọrùn ara rẹ̀ láti sọ pé afẹ́fẹ́ òun ti tán. Èwo nínú àwọn họ́ọ̀sì yín ló máa gbà? Ọ̀nà wo ló máa gbà dé ẹnu rẹ̀? Kí lẹ̀yin fúnra yín máa wá fi mí? Ẹni tó bá ti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ti yan họ́ọ̀sì rẹ̀ tán. Wíwọn gígùn rẹ̀ ló kù.

Ẹni tó bá ti so gáàsì ìdáná mọ́ sítóòfù rí ti mọ ìdajì bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Gáàsì inú sílíńdà le ju ohun tí sítóòfù lè gbà lọ, ìdí nìyẹn tí rẹ́gúlétọ̀ fi wà lórí rẹ̀ láti rọ̀ ọ́ kó tó gba họ́ọ̀sì lọ síbi iná. Ti ìmòòkùn rí bẹ́ẹ̀, àfi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Sílíńdà alumíníọ́mù tó wọ́pọ̀ jù lọ níbi ìmòòkùn ìgbafẹ́ fẹ̀ tó lítà 11.1, wọ́n sì máa ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ ọn títí ìfúnpá inú rẹ̀ á fi tó nǹkan bíi 200 báà, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po igba ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó yí wa ká lórí ilẹ̀. Ẹ̀rọ tí a dè mọ́ orí sílíńdà á kọ́kọ́ rọ̀ ọ́ wálẹ̀, tí kò fi ní ju báà 9 tàbí 10 lọ lórí ìfúnpá omi tó yí amòòkùn ká. Ìyẹn ló ń gba inú họ́ọ̀sì wá. Ẹ̀rọ kejì, èyí tó wà lẹ́nu, ló máa wá rọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n tí ẹ̀dọ̀fóró lè fà láìṣe làálàá.

Kì í ṣe báyìí ló rí látilẹ̀wá. Nígbà tí Jacques Cousteau àti Émile Gagnan, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Air Liquide ní ilẹ̀ Faransé, ṣe Aqua-Lung ní 1943, ẹ̀yìn ọrùn ni gbogbo ẹ̀rọ náà wà, tí ọ̀pá rọ́bà ńlá méjì sì ń yí orí ká, ọ̀kan ń gbé afẹ́fẹ́ wá, èkejì ń gbé èémí padà. Ní 1952, Ted Eldred ní Melbourne, ní Ọsirélíà, gbé Porpoise jáde: họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ní, ẹ̀rọ kejì sì ti kúrò lẹ́yìn ọrùn wá sẹ́nu. Ọ̀nà tí Eldred là yìí ni gbogbo wa ń tọ̀ dòní, torí pé nígbà tí họ́ọ̀sì ti di tẹ́ẹ́rẹ́ tán, kò sí ohun tó ní kí wọ́n má so mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ ẹ̀rọ orí sílíńdà kan náà.

Ìmòòkùn ìgbafẹ́ ni mo ń sọ, ti ẹni tó gbé sílíńdà kan ṣoṣo sẹ́yìn láti lọ wo ẹja, iyùn tàbí ọkọ̀ tó rì, tí kò sì ní kọjá 40 mítà. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, iṣẹ́ epo rọ̀bì ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbọ́ nípa amòòkùn. Àwọn tó yọ Harrison Okene láàyè nínú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé lẹ́bàá Escravos ní oṣù karùn-ún 2013, lẹ́yìn tó ti lo ohun tó lé ní ọjọ́ méjì nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú ọkọ̀ náà ní nǹkan bíi 30 mítà, okùn gígùn ló ń gbé afẹ́fẹ́ wá bá wọn níbi iṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ ọ. Amòòkùn ìgbafẹ́ kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀. Bí tirẹ̀ bá tán, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ọn jù lọ ni èyí tó wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n jọ wọ omi.

Ìtò tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹ sì máa bá níbi tí wọ́n ti ń yáni ní irinṣẹ́, yálà ní Hurghada létí Òkun Pupa tàbí ní Cozumel ní Mẹ́síkò, ní họ́ọ̀sì mẹ́rin. Èyí tó ń lọ sí ẹ̀rọ tí amòòkùn fi ń mí máa ń gùn tó nǹkan bíi 70 sí 75 sẹ̀ntímítà, orí èjìká ọ̀tún ló sì ń gbà. Èyí tó tẹ̀ lé e gùn díẹ̀ sí i, láti 90 dé 100 sẹ̀ntímítà, àwọ̀ yẹ́lò ni wọ́n sì máa ń ṣe é kó lè tètè hàn. Ẹ̀rọ ẹnu àpamọ́ ló wà ní ìparí rẹ̀, èyí tí àwọn amòòkùn ń pè ní octopus. Iwájú àyà ni wọ́n ń so ó mọ́, láàárín àgbọ̀n àti ìsàlẹ̀ ìhà méjèèjì, níbi tí ojú ẹni tó ń bọ̀ á ti kọ́kọ́ bà lé. Ẹ̀kẹta gba èjìká òsì lọ fún jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́ tó ń gbéni léfòó. Ẹ̀kẹrin sọ̀ kalẹ̀ lápá òsì lọ sí géèjì, òun nìkan ló sì ń gbé ìfúnpá sílíńdà láìtíì rọ̀ ọ́ rárá. Kí ẹnikẹ́ni má bàa so èyí mọ́ ibi ìyẹn, téèdì wọn yàtọ̀ lórí àwọn rẹ́gúlétọ̀ òde òní: ihò àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ 3/8 íńṣì, ti géèjì jẹ́ 7/16.

Ìtò yìí ti gba ẹ̀mí là, n kò ní bú u. Àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ní ká fún ẹni tó wà nínú ewu ni ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kì í fi mí. Ìkọ́ rọ́bà tó dì í mú lè tú u sílẹ̀, kó máa wọ́ lórí iyanrìn lẹ́yìn olówó rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Àwọn kan tún máa ń ra èyí tó pọ́ọ́kú jù fún àpamọ́, wọ́n ní ṣebí àwọn kò ní lò ó. Ọjọ́ tí wàhálà bá dé ni wọ́n á tó mọ̀ bóyá iyanrìn ti dí i tàbí kò dí i. Ẹni tí afẹ́fẹ́ ti tán mọ́ lọ́wọ́ kò sì ní sùúrù wíwá ohun aláwọ̀ yẹ́lò kiri. Ó ṣeé ṣe kó kàn na ọwọ́ sí èyí tó rí i pé ó ń fún ẹlòmíràn ní afẹ́fẹ́, ìyẹn èyí tó wà lẹ́nu yín, kó sì fà á yọ. Họ́ọ̀sì 75 sẹ̀ntímítà ló wà nídìí ìyẹn, èyí tí wọ́n wọ̀n fún ẹnu olówó rẹ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀ lórí iye àkókò tí ẹni méjì máa ń fi pín afẹ́fẹ́. Ní 20 mítà, ìfúnpá tó yí yín ká ti di ìlọ́po mẹ́ta ti ojú omi, nítorí náà afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí sínú di ìlọ́po mẹ́ta náà. Bí ẹnìkan bá ń lo 20 lítà ní ìṣẹ́jú kan lójú omi nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ẹ jẹ́ ká kà á sí 30 nítorí ìbẹ̀rù. Àwọn méjì á lo 60. Ní 20 mítà, 60 yẹn á di 180. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú kan láti gba ẹ̀rọ, láti di apá ara wọn mú, kí ọkàn wọn sì rọ̀: 180 lítà ti lọ. Bí wọ́n bá ń gòkè ní mítà 9 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó dé mítà 5, nǹkan bíi 225 lítà míràn á ti tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó yẹ kí wọ́n dúró níbẹ̀ fún ààbò á gba 270. Ìwọ̀nba tó kù dé ojú omi á gba nǹkan bíi 40. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ti lé ní 700 lítà, ìyẹn nǹkan bíi 65 báà nínú sílíńdà lítà 11.1. Ẹni tó bá ní òun máa dúró nísàlẹ̀ títí ó fi máa ku 50 báà ti gbàgbé pé ó ṣeé ṣe kí ẹni méjì mu nínú rẹ̀.

Àkókò ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa níbẹ̀. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹni méjì á wà lára sílíńdà kan náà, ọ̀kan nínú wọn sì ti fojú kan ikú. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa wo géèjì, kí wọ́n máa tú afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì dànù bí wọ́n ṣe ń gòkè, bóyá kí wọ́n tún lúwẹ̀ẹ́ padà síbi okùn ìdákọ̀ró ọkọ̀ wọn. Tó bá jẹ́ họ́ọ̀sì 75 sẹ̀ntímítà ni wọ́n fi so pọ̀, ìbòjú á máa gbá ìbòjú, ọ̀kan kò sì ní lè yí orí wo ọ̀nà láìfa ẹ̀rọ kúrò lẹ́nu èkejì. Ìdí tí gígùn fi ṣe pàtàkì nìyẹn.

Àwọn tó kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ yìí dé gongo ni àwọn tó ń wọ ihò abẹ́ omi ní àríwá Florida. Omi mímọ́ gaara ló ń sun jáde níbẹ̀ láti inú ihò àpáta tó gùn wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ jìnnà, ẹni tó bá sì wà nínú rẹ̀, òkúta ló wà lórí rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, kò lè gòkè tààrà. Ọ̀nà tó gbà wọlé ló gbọ́dọ̀ gbà jáde, àwọn ibì kan sì há débi pé ẹni méjì kò lè lọ ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, ọ̀kan ní láti ṣíwájú. Wọ́n ka Sheck Exley, ẹni tó gbé ìwé Basic Cave Diving: A Blueprint for Survival jáde ní 1979 lẹ́yìn tó ti yẹ àwọn jàǹbá inú ihò wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́ àwọn tó sọ họ́ọ̀sì gígùn di àṣà níbẹ̀. Nǹkan bíi 2.1 mítà ni gígùn rẹ̀. William Hogarth Main àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá to ìyókù yí i ká, débi pé orúkọ àárín rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìtò náà, Hogarthian. Ohun tí kò bá wúlò, wọn kì í gbé e. Ohun tó wúlò gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ti lè bá a nínú òkùnkùn. Afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́nu ẹni sì ni wọ́n ń fún ẹni tí tirẹ̀ tán.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo gbà tọkàntọkàn, kódà fún ẹni tí kò ní wọ ihò láéláé. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu yín ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó dá yín lójú pé ó ń ṣiṣẹ́, torí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí tán ni. Ẹ̀yin náà lẹ lè fara balẹ̀ wá èkejì, nítorí ẹ̀dọ̀fóró yín ṣì kún. Ẹni tó wà níwájú yín kò lè dúró. Bí ó bá sì jẹ́ ẹnu yín ló ti já a gbà, ohun tí ẹ ti gbára dì fún ló ṣe. Ọwọ́ yín á kàn lọ tààrà sábẹ́ àgbọ̀n.

Abẹ́ àgbọ̀n ni ẹ̀rọ àpamọ́ wà nínú ìtò yìí, lórí okùn rọ́bà tó ń nà tí a fi kọ́ ọrùn. Họ́ọ̀sì tirẹ̀ kúrú, nǹkan bíi 55 sí 60 sẹ̀ntímítà, ó gba orí èjìká ọ̀tún. Họ́ọ̀sì gígùn ní tirẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀rọ orí sílíńdà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, á kọjá lábẹ́ apá, wọ́n á ti í bọ abẹ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì tàbí àpò ọ̀bẹ tó wà ní ìbàdí, á wá dábùú àyà lọ sí èjìká òsì, á yí ẹ̀yìn ọrùn ká, á sì wọ ẹnu láti ọ̀tún. Láti fún ẹlòmíràn, amòòkùn á fi ọwọ́ ọ̀tún di họ́ọ̀sì náà mú lẹ́bàá ẹ̀rọ, á tẹrí ba kó lè bọ́ lọ́rùn, á nà án síwájú, á fi ọwọ́ òsì gbé ti abẹ́ àgbọ̀n sẹ́nu. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kò ju èémí kan lọ.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti lè dàrú ni ohun tó bá gorí họ́ọ̀sì náà. Ẹ wo ọ̀pá ìmí kékeré tí wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ìbòjú fún lílúwẹ̀ẹ́ lójú omi: apá òsì ló máa ń wà, apá òsì yẹn náà sì ni họ́ọ̀sì gígùn ti ń yí ọrùn. Bí ẹ bá na ẹ̀rọ sí ẹnìkan, ọ̀pá náà á há họ́ọ̀sì, á sì fa ìbòjú yín ṣí, omi á dà sójú yín ní ìṣẹ́jú tó yẹ kí ẹ máa wo ẹlòmíràn. Okùn kámẹ́rà tí wọ́n fi kọ́ ọrùn lẹ́yìn tí họ́ọ̀sì ti wà níbẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Họ́ọ̀sì tí ẹ máa fún èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ gbé wọ̀ kẹ́yìn, kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun lórí rẹ̀.

Ṣé ó wá yẹ kí ẹni tó ń wo ẹja ní 15 mítà, tí kò sí òrùlé kankan lórí rẹ̀, gbé họ́ọ̀sì 2.1 mítà? Rárá o. Ìwọ̀n yẹn wà fún ibi tí ọ̀kan ti gbọ́dọ̀ ṣíwájú èkejì. Amòòkùn ìgbafẹ́ kì í sì í ní bátìrì tọ́ọ̀ṣì ní ìbàdí tó lè fi há a mọ́ra, nítorí náà á máa rọ̀ dirodiro, á máa kọ́ iyùn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtò náà lè lo 1.5 mítà, tó ń ti abẹ́ apá dábùú àyà tààrà lọ yí ọrùn, tí kò sì nílò kó há níbì kankan. Ó dára fún ẹni tó máa ń wọ ọkọ̀ tó rì, tàbí ẹni tó ní in lọ́kàn láti tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Fún ẹni tó ń gbé sílíńdà kan, tó ń gbádùn omi gbangba, èyí tí mo máa ń dámọ̀ràn ni họ́ọ̀sì 1 mítà tó gba abẹ́ apá ọ̀tún wá sẹ́nu, pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ irin kékeré tó ń yí níbi tó ti kan ẹ̀rọ ẹnu, àti àpamọ́ lábẹ́ àgbọ̀n. Kò yí ọrùn rárá, nítorí náà kò sí ohun tó ní láti bọ́ lórí. Ìgbọ̀nwọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí họ́ọ̀sì wá láti ìsàlẹ̀ láìfa ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí párì ẹnu rẹ̀ ti ń ro ó lẹ́yìn wákàtí kan nínú omi á mọ bí ìyẹn ti tuni lára tó. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni pé ó fi òrùka rọ́bà kún èyí tó ti wà, ibi tí a ti fi òrùka rọ́bà kún un sì ni ibi tó ti lè máa jò. Mítà kan kò tó láti lọ ní ọ̀kan-níwájú-ọ̀kan-lẹ́yìn, àmọ́ ó tó fún ẹni méjì láti dojú kọra tàbí kí wọ́n lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìgbá ara wọn lójú.

Ọ̀nà kẹta wà, èyí tí AIR2 ti Scubapro sọ di olókìkí: wọ́n fi ẹ̀rọ ẹnu àpamọ́ sínú ohun tí a fi ń fún jákẹ́ẹ̀tì ní afẹ́fẹ́ gan-an, tí họ́ọ̀sì kan fi dín kù. Ó wù mí nítorí pé ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ ẹni tó bá lò ó kò ní yíyàn mọ́, èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fún ẹlòmíràn, torí èyí tó wà lára jákẹ́ẹ̀tì kò lè kúrò lára rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń so AIR2 mọ́ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì fi họ́ọ̀sì 75 sẹ̀ntímítà wọn àtijọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò dáa. Ẹni tó bá yan ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ sọ họ́ọ̀sì ẹnu rẹ̀ di mítà kan, ó kéré tán. Á tún ní láti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ẹ̀rọ kan náà mí, kó sì tún fi tú afẹ́fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì dànù, nígbà tó ń gòkè pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ẹnu họ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀ sì tóbi ju ti jákẹ́ẹ̀tì yòókù lọ, nítorí náà ẹ má retí pé ẹ máa rí i yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ọkọ̀.

Ti géèjì kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìkọ́ so ó mọ́ òrùka irin ní ìbàdí òsì, 60 sẹ̀ntímítà tó. Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ apá jákẹ́ẹ̀tì ló máa gbà bọ́ síwájú, 80 sí 90. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni géèjì tó ń fì kiri lábẹ́ ikùn. Iyùn tó gba ọ̀pọ̀ ọdún láti dàgbà, gbígbá kan péré lè ṣẹ́ ẹ. Ti jákẹ́ẹ̀tì náà kò gbọdọ̀ gùn débi tó fi máa ṣe kọ́lọkọ̀lọ lẹ́yìn orí. Ẹni tó ń wọ aṣọ tí omi kì í wọ̀ á fi họ́ọ̀sì kan kún un láti máa fún aṣọ náà ní afẹ́fẹ́, èyí tó sábà máa ń gba abẹ́ apá òsì wá sí àyà.

Gbogbo iye tí mo ń kà yìí, ẹ mú un gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ara èèyàn kò dọ́gba, họ́ọ̀sì 55 tó bá obìnrin kúkúrú kan mu lè fún ọkùnrin aláyà gbàràmù mọ́ ọrùn. Ẹ wọ aṣọ ìmòòkùn yín pátá lórí ilẹ̀, ẹ gbé sílíńdà sẹ́yìn, ẹ fi ẹ̀rọ sẹ́nu. Ẹ wo òkè, ẹ wo ọ̀tún dé ibi tí ọrùn bá lè yí dé, kí ẹ tún wo òsì. Bí eyín yín bá ní láti di ẹ̀rọ mú kó má bàa yọ nígbà tí ẹ wo òsì, họ́ọ̀sì kúrú. Bí ẹnìkejì bá dúró lẹ́yìn yín tó rí i pé ó yọ jáde kọjá èjìká bí ìdẹ̀kùn, ó gùn jù. Kí ẹ tó lọ ra òmíràn, ẹ kọ́kọ́ yí ibi tí wọ́n so ó mọ́ padà lára ẹ̀rọ orí sílíńdà, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ihò mẹ́rin fún họ́ọ̀sì ẹnu àti ti jákẹ́ẹ̀tì àti méjì fún géèjì, tí wọ́n sì dojú kọ oríṣiríṣi ọ̀nà. Họ́ọ̀sì mítà kan tó wá láti ihò tó dojú kọlẹ̀ á jókòó dáadáa lábẹ́ apá. Bí ó bá wá láti èyí tó dojú kọkè, á gbé apá náà sókè.

Nípa ohun tí wọ́n fi ṣe é, rọ́bà dúdú àtijọ́ wúwo, ó sì le díẹ̀, àmọ́ kì í fi àìsàn rẹ̀ pa mọ́: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì rí i bí ó bá ti ń ya. Èyí tí wọ́n hun okùn sí lára fúyẹ́, ó rọ̀, ó sì dára fún họ́ọ̀sì tó yí ọrùn. Inú rẹ̀ ni kò hàn. Nínú àwọn kan lára irú họ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi tí oòrùn ti ń mú gan-an, wọ́n ti bá ohun líle bí iyọ̀ tó dì nínú rẹ̀, nítorí pé ike tó wà nínú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, èyí sì lè dí afẹ́fẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é máa ń wà lára ọ̀pọ̀ họ́ọ̀sì. Ẹ má jẹ́ kó gbó mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má sì fi í sínú bùùtù mọ́tò lábẹ́ oòrùn.

Bóyá rọ́bà ni o, bóyá èyí tí wọ́n hun ni o, ibi tó ti sábà máa ń kọ́kọ́ ya ni ibi tí irin ti pàdé họ́ọ̀sì. Àwọn ìbòrí rọ́bà kékeré tí wọ́n ń fà bò ó níbẹ̀ kí ó má bàa ṣẹ́ dáa, àmọ́ iyọ̀ òkun ń há sábẹ́ wọn, wọ́n sì ń bo ojú ọgbẹ́. Ẹ fà wọ́n sẹ́yìn lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ibẹ̀. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù họ́ọ̀sì géèjì ju àwọn yòókù lọ nítorí ìfúnpá inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu ihò tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ kéré gan-an, nítorí náà bó bá bẹ́, á pariwo, àmọ́ kò ní tètè gbọ́n sílíńdà gbẹ. Họ́ọ̀sì ẹnu tàbí ti jákẹ́ẹ̀tì tó bá já pátápátá ló ń yára tú sílíńdà ká. Ìdí nìyẹn tí ìdá kan nínú owó tí ẹ fẹ́ fi ra ẹ̀rọ olówó gọbọi fi yẹ kó lọ sórí họ́ọ̀sì tuntun.

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ń kọ́ṣẹ́ yìí ní Stoney Cove ní Leicestershire, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀ tí omi ti wá kún, tún ní ohun kan láti ṣọ́ra fún. Omi ibẹ̀ tutù nini nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ tó ń rọ̀ láti inú ìfúnpá ńlá náà sì ń tutù fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹni méjì bá ń fa afẹ́fẹ́ gba ẹ̀rọ orí sílíńdà kan ṣoṣo, ó lè di yìnyín, kí afẹ́fẹ́ máa tú jáde láìdúró. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ́gúlétọ̀ yín. EN 250A ń sọ pé wọ́n ti dán an wò fún ẹni méjì tó jọ ń mí gba inú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ >10 °C sí i, kì í ṣe fún omi tó tutù ju ìyẹn lọ, bó ti wù kí họ́ọ̀sì rẹ̀ dára tó.

Bí irinṣẹ́ àyálò lẹ bá ń lò, ohun tí wọ́n bá fún yín lẹ máa gbé, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ti octopus aláwọ̀ yẹ́lò. Ẹ lò ó láìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ̀rọ àpamọ́ náà mí lójú omi kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ìkọ́ rẹ̀ dì í mú. Lórí ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ kan ohun tí ẹ máa fún ẹnìkejì yín, kí ẹ sọ ọ́ fún un ní gbangba: "Eléyìí tó wà lẹ́nu mi ni màá fún ọ. Máa bọ̀ láti apá ọ̀tún mi, di okùn jákẹ́ẹ̀tì mi mú, èmi á sì mú èyí tó wà lábẹ́ àgbọ̀n mi." Òun náà á sọ tirẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kí ìtò rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Nígbà tí ẹ bá wọ omi, ẹ dúró ní mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ fún ara yín ní afẹ́fẹ́ ní tòótọ́, kí họ́ọ̀sì nà tán, kí ẹ lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá há mọ́ okùn kan, bí ìgbọ̀nwọ́ bá ń jò, tàbí bí ọ̀kan nínú yín bá ní láti tẹ ọrùn kó tó lè mí, ẹ gòkè padà sínú ọkọ̀ lọ tún un tò.